Ìdáhùn Olùjẹ́jọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni akọ̀dà kóòtù lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi
ní Òkè-Pósun.
N kò sí níbẹ̀. Mo wà létí ọ̀sà,
mo ń dí ojú ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ń jò.
Nígbà tí mo dé, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ń wo ìwé náà bí ẹni ń wo ejò:
kò sún mọ́ ọn, kò sì lè kúrò níbẹ̀.

Olùpẹ̀jọ́: Mùtáírù Odùkọ̀yà.
Mùtá tí a jọ ń bẹ́ sódò láti orí afárá onípákó,
tí mo mọ àpá orúnkún rẹ̀,
tí mo mọ ẹni tó dá a sí i lára. Èmi ni.

Wọ́n ní kí n fèsì láàárín ọjọ́ méje.
Àpótí kéékèèké mẹ́ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù:
mo gbà; n kò gbà; mo gba díẹ̀.
Pẹ́ńsù káfíńtà ni mo fi kọ ọ́, èyí tí mo fi ń fàlà sára pákó;
bí mo bá ṣì í, ọ̀bẹ ni mo fi ń ha á kúrò.

Mo kọ: ìrókò ogójì, ọ̀gànwó mẹ́wàá.
Òótọ́ ni. Èjìká mi yìí ni mo fi gbé e.
Mo kọ: ará Ẹ̀jìnrìn kan ló ní kí n kan ọkọ̀ fún òun,
ó san ìdajì, ó wa ọkọ̀ lọ,
wọ́n ní ó ti di ọ̀gá ní Kútọnu.
Èyí kò kan Mùtá. Mo ha á kúrò.

Mo kọ: mo ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta nínú rẹ̀,
lábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé wọn.
Mùtá kò sí nílé, ìyá rẹ̀ ló gbà á.
Ó lá ìka, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í sétí ìró,
ó ní, “Rábíù, wọlé wá jẹun.”
Rìsíìtì wo ni ènìyàn ń gbà lọ́wọ́ ìyá?

Fọ́ọ̀mù ní: orúkọ ẹlẹ́rìí.
Sábítíyù Odùkọ̀yà.
Àdírẹ́sì:
itẹ́ òkú Mùsùlùmí, ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi dóńgóyárò.

Ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ ló kú.
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ń fẹ́ pákó.
Mo fa mẹ́jọ yọ nínú ọ̀gànwó Mùtá tí n kò tí ì sanwó rẹ̀,
mo gé e ní ìwọ̀n ibojì,
mo fi ìfági fá a títí ó fi dán.
Ta ní ń fá pákó òkú?
Mùtá dúró nínú kòtò, ó ń gbà á lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ń tò ó bo ìyá rẹ̀.
Kò bi mí pé èló.

Pákó mẹ́jọ. Mo ṣírò rẹ̀ sétí ìwé.
Bí mo bá yọ ọ́ nínú gbèsè, mo ti ta òrùlé ìyá rẹ̀ fún un.
Mo wo iye náà títí epo àtùpà fi ń lọ sópin.
Mo mú ọ̀bẹ.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Wọn kò sọ bí a ṣe ń lọ síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé kóòtù yí fọ́ọ̀mù mi síwá sẹ́yìn.
“Bàbá, ibi ẹlẹ́rìí ṣófo. Ìwé yín sì ti fẹ́ lu níbẹ̀.”
Mo ní ọ̀bẹ ni.
“Mo gbà lẹ mú. Ṣé gbogbo rẹ̀?”
Gbogbo rẹ̀. Kó ṣáà fún mi ní oṣù mẹ́fà.

Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó gba owó,
ó já rìsíìtì fún mi.
Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, rìsíìtì àkọ́kọ́ nìyẹn.