Ìrọ̀rí Mẹ́ta

Ìrọ̀rí kan la fi bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò èṣín.
Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó di méjì.
Ní báyìí ó ti di mẹ́ta, Bùsàrí ọkọ mi ń jókòó sùn
bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò tí kò ní í wá.

Mo máa ń ka èémí rẹ̀ lóru.
Ó ń dún bí ayùn tó kan ìṣó nínú igi:
á fà, á há, á dákẹ́.
Tó bá ti dákẹ́, èmi náà á dákẹ́ tì í,
n ò ní í mí títí yóò fi mí.

Ẹ má bi mí pé kí ló fà á.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi la igi ní Bódìjà:
ìrókò, arère, apá, ọ̀gànwó.
Ó ní lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa ta ọ̀fun bí ata,
ti arère ò ní wàhálà, àfi tó bá wọ ojú.
Tó bá wọlé lálẹ́, ó ti pupa láti irun orí dé ìpéǹpéjú,
àwọn ọmọ a máa sá fún un, wọn a máa rẹ́rìn-ín,
omi ìwẹ̀ rẹ̀ a pọ́n bí omi àgbo.

Ọ̀gá wọn ò ra nǹkan ìbòmú fún ẹnì kankan.
Èmi ni mo ya ìborùn mi sí méjì,
mo ní kó máa fi di imú àti ẹnu.
Ó dì í fún ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin mo bá ihò kan láàárín aṣọ náà,
etí ihò ọ̀hún jó dúdú:
ibẹ̀ ló ń ki sìgá bọ̀.
A jọ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́,
a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí n ò tíì sọ rí.
Ta ló ń ta sìgá náà?
Èmi ni.
Lẹ́nu ọ̀nà sọ́míìlì, lórí àpótí pákó kan,
mo ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìṣáná lọ́fẹ̀ẹ́.
Ibẹ̀ ló ti rí mi. Ó ra ẹyọ kan,
ó tún padà wá ra ẹyọ kan.
Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, èmi Sìfáwù mọ̀
pé kì í ṣe sìgá ló ń wá.
Owó ìdánwò Múyìbì, inú èéfín yẹn ló ti jáde.

Dókítà ọmọdébìnrin kan ní Adéọ̀yọ́
ya àwòrán sẹ́yìn káàdì fún mi.
Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ló kọ́kọ́ bàjẹ́, ó ti ya bí kànìnkànìn tó gbó,
ọkàn wá ń fi ipá ti ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá
títí ọkàn náà fi wú, tó sì rẹ̀ ẹ́.
Mo ní, "Bí ọlọ́mọlanke tó ń ti sìmẹ́ǹtì gun Òkè Mápó?"
Ó wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.
Kò sì sí ẹni tó máa bá a tì í."

Ọbẹ̀ wa ò ní iyọ̀ mọ́.
Oògùn funfun kékeré kan ń jí i lọ tọ̀
lẹ́ẹ̀mẹfà kílẹ̀ tó mọ́.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀,
ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀ bí ojú ìka lára ẹ̀kọ.
Láti ilé wa l'Ókè Àrẹ̀mọ dé ojú títì,
àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ni.
Jímọ̀ tó kọjá ó jókòó lórí ìkọkànlá,
ó gbọ́ tí wọ́n pe ìrun, ó kí i níbẹ̀.

Àpótí yẹn ṣì wà.
Òun ni mo gbé ti ìrọ̀rí kẹta lẹ́yìn kó má baà yọ̀.
Ó mọ̀ ọ́n. Lóru àná ó fi ìka kan án, kó, kó,
ó ní, "Sìfáwù, fún mi ní ẹyọ kan."
Mo bú sẹ́rìn-ín.
Òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó há.
Ó gbé ọwọ́ sókè, ó mí, ó tún mí,
ó ní kí n bá òun rín èyí tó kù.