Ojú Ọ̀nà

Ìdó-Èkìtì, òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọyẹ́ lórí òkè.
Bàbá mi, àgbẹ̀ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀,
na ọrùn fún Nọ́ọ̀sì Adérèti.

"Rọ́bà àkọ́kọ́ ha iṣan yín nínú.
Ibi tó ha ń wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ń fún.
Tuntun yìí, wọ́n ti fi oògùn ra á lára;
díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́,
ibẹ̀ náà ni yóò mọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín.
"Ó yé mi.
Ibi tí koríko bá ti dí omi oko
ni mo máa ń gbé ọkọ́ lọ;
n kì í ro gbogbo àbàtà."

Ó dijú. Ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ mi,
ẹrẹ̀ èṣí ṣì wà lábẹ́ èékánná.
Ẹ̀rọ ń kùn.
Ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀.
Mo ń wojú ọ̀nà.