Òṣómàáàló Inú Àwo Kejì

Àwo àkọ́kọ́ la fi jẹ gbèsè.
Kẹ́nikẹ́ni má parọ́ fún yín pé ìmísí la fi ṣe èkejì.
Áńpù méjì, jìtá kan tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lagi,
ọwọ́ Bàbá Aṣàólú la ti rà wọ́n láwìn
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èrèjà.
A ní tí àwo bá tà.
Àwo ò tà.

Ilé ìkó-kòkó-sí bàbá Gbénró ní Ìsọ̀kún
la sọ di sítúdíò.
A lẹ kíréètì ẹyin mọ́ ògiri láti òkè délẹ̀.
Bí Ìbírónkẹ́ bá lu dúrọ́ọ̀mù,
eruku kòkó ọdún mẹ́wàá á dìde,
á bá a jó, á tún jókòó.
Akọrin wa ti bá ọkọ̀ Kàdúná lọ,
ó kó bàtà rẹ̀, ó fi orin sílẹ̀.
Èmi ni mò ń tẹ ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
iṣẹ́ mi ò ju kí n sọ pé "Ó ti ń yí,"
kí gbogbo wọn dákẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Bàbá dé.
Kò kí wa. Kò bú wa.
Ó ká ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà
bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń lóṣòó nílẹ̀ onílẹ̀.
"Òṣòó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
A rò pé eré ni.
A gbé àga fún un, ó fẹsẹ̀ tì í.
Ìyá Gbénró gbé iyán wá, ó jẹ ẹ́ lórí ìlóṣòó,
ó ṣanwọ́, ó ní iyán ò sí lára owó.

Kí la fẹ́ ṣe? A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Orin kìíní, ó wúkọ́.
Orin kejì, ó ń fi agolo aṣáà lu ilẹ̀,
kì í ṣe ibi tí Ìbírónkẹ́ ń lù sí,
ìdajì ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
bí ẹni tó mọ̀ pé onígbèsè kì í sá jìnnà.
Ìbírónkẹ́ dáwọ́ dúró. "Ẹ tún un ṣe, Bàbá."
"Kí ni mo ṣe?"
Ó bi wá pé kí là ń pe irú èyí.
Gbénró ní rọ́ọ̀kì ni, òkúta ni ìtumọ̀ rẹ̀.
"Òkúta Ìperindó a máa mú wúrà wá," Bàbá wí.
"Tiyín ńkọ́?"

Òjò dé lójú orin kẹrin,
páànù ń pariwo ju jìtá lọ.
Gbénró ní kí n pa á. Mi ò pa á.
Ó rò pé ọgbọ́n ni. Oorun ni mò ń sùn.

Ọjọ́ kọkànlá, téèpù ku ìṣẹ́jú mẹ́rin,
a ò lórin mọ́, a ò sì lákọrin.
Ìbírónkẹ́ wọ́ wáyà máìkì nílẹ̀,
ó gbé e síwájú ẹnu Bàbá.
Mo ní, "Ó ti ń yí."
Bàbá wo irin náà bí ẹni wo onígbèsè tuntun.
"Òṣòó ni màá ló,"
(Ọ̀ṣúnlékè fa okùn báàsì kan ṣoṣo, ó jẹ́ kó máa gbọ̀n)
"mo ló o ní Kánò, mo ló o ní Ṣakí,
orúnkún mi mọ ilẹ̀kùn ju kọ́kọ́rọ́ lọ,
ẹni tó jẹ mí tó kú, ẹ̀gbẹ́ ibojì rẹ̀ ni mo…"
Téèpù tán.
Bó ṣe tán náà la fi í sílẹ̀.

Àwo náà tà. Kò tà dé òkè òkun,
ó tà débi tí awakọ̀ Àkúrẹ́ ń béèrè
orin bàbá olóṣòó yẹn.
Wọ́n ní Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n. Bóyá.

A fi ìwé ìròyìn di owó, a gbé e lọ sí Èrèjà.
Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé.
Ó tì í sábẹ́ àga.
A ti ń dágbére nígbà tó ní,
"Owó áńpù nìyẹn.
Owó ohùn mi ńkọ́?"

A wo ara wa.
Ó ti ń ká ṣòkòtò sókè.