Ríro Pẹpẹ Ìwé

Ìwé àṣẹ dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní oṣù Kọkànlá:
ìwé tó bá ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
tí ẹnikẹ́ni kò yá fún ọdún márùn-ún,
kó kúrò nílẹ̀.
Verna Tuck, ọ̀gá wa, fi pínnì kàn án mọ́ ilẹ̀kùn mi,
ó ní, "Ṣe bí ẹni ń roko ni."
Verna kò roko rí. Orí àpáta la kọ́ ìlú yìí lé,
létí erékùṣù Newfoundland;
pòtétò gan-an, inú àpò iyẹ̀pẹ̀ la ti ń gbìn ín.
Ẹni tó bá sì roko rí mọ̀ pé
èpò kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé èpò lòun.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí òrùlé ti ń jò.
Ìwé kọ̀ǹpútà tó ní díìsì pẹlẹbẹ lẹ́yìn: kúrò.
Ìwé iṣẹ́ tí ọmọbìnrin lè ṣe,
nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, ẹni tó ń so wáyà tẹlifóònù,
ó tán síbẹ̀. Kúrò.
Máàpù tó ṣì ń pe orílẹ̀-èdè tó ti túká lórúkọ,
mo ṣí i wò díẹ̀, bí ẹni dúró létí sàréè,
kúrò.
Ìwé ìmọ̀ gbogbo, ìdìpọ̀ méjìlélógún,
ìkẹtàlá ti sọnù láti ìgbà tí èmi fúnra mi wà ní kíláàsì kẹfà;
ohun gbogbo tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M,
a ò kọ́ ọ nílùú yìí.

Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.
Ilé ìkàwé wa, àkísà nìkan ló fi ń ṣe àgbà.

Pẹpẹ kẹta láti ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bà á:
ìwé aláwọ̀ búlúù lórí ẹja kódì,
ẹja tí ẹ̀fúùfù máa ń gbẹ títí yóò fi di òkúpọrọ́kọ́.
Ojú ìwé kejìlélógójì:
"Ẹja inú omi yìí pọ̀ ju èyí tí àwọ̀n ọmọ ènìyàn lè kó tán lọ."
Mo gbójú sókè. Ọkọ̀ márùn-ún ló kù ní èbúté.
Mo lu òǹtẹ̀ pupa: A TI YỌ Ọ́.

Alphaeus Blagdon, agbálẹ̀ wa, ló ń kó páálí lọ sídìí ọkọ̀.
Bí ẹni kó bíríkì ló ń kó wọn, kì í wojú ìwé;
àfi èyí. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ kékeré,
orúnkún rẹ̀ ga dé àgbọ̀n,
ó fa káàdì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ:
A. Blagdon. A. Blagdon. A. Blagdon,
ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, pẹ̀lú pẹ́ńsù, lẹ́tà A rẹ̀ ń gún régé sí i.
Ó ka ojú ìwé kejìlélógójì sókè, láìwá a;
ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ṣí síbẹ̀.
"Bàbá mi gba èyí gbọ́," ló wí,
"ó yáwó ra ọkọ̀ tuntun lé e lórí."
Ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé wọn, ó dojú dé,
adìẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Irọ́ ni ìwé yẹn, Alphaeus.
Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ kọ́ irọ́."
Ó ní, "Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jù ú nù,
wọn á ní àwa la ya òmùgọ̀,
wọn ò ní mọ̀ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé fún wa."

Àṣẹ ọ́fíìsì kò bi mí ní ìyẹn.
Mo fa ìlà kọjá lórí òǹtẹ̀ pupa náà, ó ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀.
Mo kọ ọjọ́ ìdápadà sí káàdì: ọ̀sẹ̀ méjì.

Nírọ̀lẹ́, pẹpẹ náà ṣófo bí ẹnu akáyín.
Fèrèsé kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mi ò mọ̀ rárá,
pẹ̀lú ọdún mẹ́tàdínlógún mi níbí.
Mo fi apá ẹ̀wù nu gíláàsì rẹ̀. Òkun ni, ó láwọ̀ eérú.

Oṣù Kejì ti wọlé. Ìwé búlúù náà kò tíì padà.
Owó ìtanràn rẹ̀ ti di dọ́là mẹ́ta ààbọ̀.
Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.