Pẹ́ńsù fún Ọ̀la, Báírò fún Àná

Agogo márùn-ún ìdájí ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní North Platte.
Mo tẹ́ máàpù sórí sítíárìn,
mo fi ọ̀bẹ àpò gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù.
Wendell Hruska ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, kí ojú tó dá a jókòó sílé:
“Pẹ́ńsù ni ti ọ̀la, Verlene, báírò ni ti àná.
Ohun tí o rò, o lè pa á rẹ́.
Ohun tí o ṣe, jẹ́ kó dúró.”

Tírélà mi dàgbà ju òfin ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí lọ,
ìwé ni mo ṣì ń kọ, onílà mẹ́rin:
ìlà ìsinmi, ìlà ibùsùn, ìlà wíwakọ̀,
àti ìlà iṣẹ́ tí kì í ṣe wíwakọ̀.
Ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń purọ́ mọ́ jù.

Ẹ wo bí òní ṣe bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n ní agogo mẹ́fà ni àlùbọ́sà máa wọ ọkọ̀.
Agogo mẹ́fà lù, fọ́kílíìfù bà jẹ́.
Agogo méje, ọmọ tó ń wà á lọ jẹun.
Mo wà lórí ìdúró, mo ń ka àpò:
igba, ogúnlúgba, ó dàrú mọ́ mi lójú, mo tún un kà.
Agogo mẹ́sàn-án kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.
Corliss pè láti ọ́fíìsì, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí òróró:
“Kọ ọ́ sí ibùsùn. Ta ló máa mọ̀?”
Ṣé ẹni tó sùn ló ń ka àpò àlùbọ́sà?

Mo kọ ọ́ síbi tó yẹ ẹ́.
Mo wá fi rọ́bà nu ètò òwúrọ̀:
Evanston kúrò níbẹ̀, Rock Springs di bóyá.
Nínú wákàtí mẹ́rìnlá, mẹ́rin ti lọ sórí ìdúró.
Dísù ní Cheyenne, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ẹ̀yìn tó ń ro mí,
afẹ́fẹ́ Wyoming náà á sì gba owó orí tirẹ̀.

Ó gbà á lóòótọ́. Lẹ́bàá Elk Mountain
ó ń fi èjìká ti tírélà,
bí ọkùnrin tó ń ti màlúù olórí kunkun wọ ọgbà.

Ó ku díẹ̀ kí a dé Rawlins, afárá kan wà lórí odò.
Mo máa ń la ojú mi sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀,
nítorí ọjọ́ kan wà, ó pé ọdún mọ́kànlá báyìí,
tí mo kọ “mo sùn” níbi tí mo ti kẹ́rù,
tí mo sì sùn níbi tí mo kọ “mo wakọ̀”.
Mo rí pátákó tó ní odò ń bọ̀.
Ohun tó kàn tí mo rí ni iná Sinclair.
Kò sí afárá kankan láàárín wọn.

Mi ò kọlu ẹnikẹ́ni. Ọ̀dà ara ọkọ̀ ò bó.
Ẹrù dé lásìkò, Corliss ní mo káre.
Káre yẹn ló ṣì ń jí mi lóru.

Wọ́n ní irọ́ a máa rin ogún ọdún
kí òtítọ́ tó lé e bá lọ́jọ́ kan.
Ní ojú ọ̀nà yìí, èmi ò fẹ́
kí ohunkóhun máa lé mi bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Agogo márùn-ún ààbọ̀, Rawlins. Àyè ìgbọ́kọ̀sí méjì ló kù.
Wákàtí kan ààbọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi,
ṣùgbọ́n méjì ni Rock Springs máa jẹ nínú ìjì yìí,
bí mo bá sì dé ibẹ̀, ọkọ̀ á ti kún.
Mo pe Corliss. Ó pòṣé.
Mo ní, àlùbọ́sà kì í sunkún, ẹni tó bá gé e ni.
Kò rẹ́rìn-ín.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo mú báírò,
mo fa ìlà òní dé òpin.
Ní àyè àkíyèsí, mo kọ ọ́ wínníwínní:
fọ́kílíìfù bà jẹ́. Afẹ́fẹ́ le.
Afárá: mo rí i.