Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Ń Dúró De Múníbátù

Ràlíátù ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e wá láti Mojódà,
odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, dúdú minimini,
oje ṣì ń kán níbi tí àdá ti bà á.
Ó ní, "Ọmọ ẹ ń bọ̀ ní Jímọ̀, àbí?
Jẹ́ kó dúró dè é."
Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú la wà.
Ta ní í sọ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé kó dúró?

Bó bá ṣe ẹja ni, n ò ní wí nǹkan kan.
Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ẹ má kọ́ mi ní ẹja:
a ó yan án, a ó fi èéfín kẹ́ ẹ,
yóò lo oṣù mẹ́ta lórí àjà kó tó ranjú mọ́ni.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò gba èéfín, kò gba iyọ̀.
Tẹ́ ẹ sílẹ̀, ibi tó fi sùn á dá àpá.
Dì í sínú ọ̀rá, á làágùn, á bu.

Mo so ó kọ́ igi àjà
pẹ̀lú okùn àwọ̀n tó ti gbó,
lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà,
níbi tí atẹ́gùn kì í ti í béèrè kó tó wọlé.
Mo fi ọ̀rá wé e nídìí, mo wé e le
bí ìdodo ọmọ tuntun.
Mo lé ìbẹ́pẹ kúrò nílé ìdáná,
mo lé máńgòrò mẹ́ta lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀:
èso tó ti pọ́n, ẹlẹ́nu ni,
ó máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí èyí tó dúdú
títí tòun náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú.

Mo pọ̀n ọ́n kó má baà pọ́n.

Ní Àlàrùba, ọ̀kan pọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́.
Mo já a kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, mo jẹ ẹ́ lóòró.
Ní Àlàmísì, Múníbátù pè láti Ìjẹ̀bú-Òde:
"Màámi, wọ́n ti sún ìdánwò wa síwájú.
Ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Mo wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lókè.
Kò sẹ́ni tó lè sún tiẹ̀ síwájú.

Nígbà tó fi di Sátidé, ó ti pọ́n bí ìyẹ́ ẹ̀gà.
Mo kà á: ogójì, ó lé kan.
Lálẹ́, méjìdínlógójì. Láàárọ̀, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
"Eku ni," Bàbá Múníbátù wí, kò wojú mi,
ọkùnrin tí eyín rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ,
tí èèpo yọ orí lápò bùbá rẹ̀.
"Eku tó ń bó èèpo?"
Ó ní eku Òkè-Pósùn kàwé.

Mo já èyí tó kù lẹ́yọ lẹ́yọ,
mo tò ó sínú fíríìjì.
Iná wá, iná lọ, iná tún wá.
Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ràlíátù yọjú, ó pòṣé: "O ti bà á jẹ́."
Mo bó ọ̀kan lójú rẹ̀.
Inú rẹ̀ funfun, ó dúró gbọn-in.

Ó dúdú, ó pọ́n, ó tún dúdú.
Dúdú ìṣáájú kò ṣe é bù ṣán, òwe ti sọ.
Ẹnikẹ́ni ò pa òwe fún dúdú ìkejì,
mo sì ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi bí mo ti ń sọ ọ́.

Alẹ́ Jímọ̀ ló dé. Ó ti rù. Ó ti ga.
Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹni tó ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́.
Ó ṣí fíríìjì, ó dúró.
"Màámi, òkú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ tò síbí?"
"Bó o."

Ó bó o. Ó jẹ ẹ́ tán, kò wí nǹkan kan,
ó nawọ́ mú òmíràn.
Lọ́dẹ̀dẹ̀, nínú òkùnkùn,
eku ńlá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó bi wá bóyá ó ṣì kù.