Ahọ́n Iná Aláwọ̀ Ewé

Òjò Valdivia kì í kanlẹ̀kùn.
Láti àárọ̀ Ọjọ́rú ló ti ń rọ̀,
àwa sì wà nínú ilé tó jẹ́ ilé búrẹ́dì rí,
òórùn igi tó jó ti gbapò òórùn ìyẹ̀fun.
Níbi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀ ni lésà wà báyìí:
àpótí gbọọrọ, ìdérí gíláàsì,
ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun ọmọ tuntun.
Ojú kì í rí i,
ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lojú ń rí.

Ìwé tí a fi ń gba wákàtí rọ̀ mọ́ ògiri.
A fokùn so pẹ́ńsùlù mọ́ ọn,
nítorí mẹ́rin ti rìnrìn àjò tí wọn ò padà.
Eduvigis ló ni wákàtí kìíní,
ẹni tó ránṣọ fún ogójì ọdún kí ojú tó kọṣẹ́;
bọ́tìnnì ló ń gé lára pákó raulí.
Nahuel tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Èmi ń gé orúkọ tí wọ́n ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn,
mo sì máa ń jẹ wọ inú wákàtí ẹlòmíì.
Wọ́n ti bá mi wí. Mo ṣì ń gbìyànjú.

Ìgbà náà ni Baldovino wọlé, awakọ̀ tákísí,
omi ń ro tó-tó-tó létí fìlà rẹ̀,
ó ká nǹkan dúdú kan sábẹ́ apá.
"Awọ ni," ó ní, "fún àga ọkọ̀ mi.
Ẹ bá mi gé e kíá, ọ̀nà ń pè mí."
Ó ń dán. Ó rọ̀. Ó jọ awọ lóòótọ́.
Eduvigis ò bá a jiyàn.
Ó fa wáyà bàbà kan yọ lápò,
ó fi ẹ̀mú dì í mú lórí iná gáàsì títí tó fi pọ́n,
ó fi kan etí nǹkan náà,
ó dá wáyà padà sínú iná.

Iná náà yọ ahọ́n aláwọ̀ ewé.

Ó rẹwà. Ìyẹn ló burú níbẹ̀.
"Ike ni," ni Eduvigis wí. "Májèlé ló sùn sínú rẹ̀.
Bí lésà bá jí i, èéfín rẹ̀ á mú kí irin ẹ̀rọ yìí dípẹtà,
ṣùgbọ́n kó tó dórí irin,
ẹ̀dọ̀fóró wa ni yóò kọ́kọ́ fi panu."
Baldovino wo iná, ó wo ọjà tó fowó rà.
"Ẹni tó tà á fún mi búra pé màlúù ni."
Nahuel rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó.

Èmi ò lẹ́nu láti rẹ́rìn-ín.
Nígbà òtútù tó kọjá, mo fi lésà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́,
mo jáde lọ wo àwọn kìnnìún òkun
tí wọ́n ń gbó létí odò bí ajá olówó.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Bóyá mẹ́rin.
Mo padà bá iná tó jókòó sábẹ́ ìdérí,
ó ń jẹ orúkọ ẹbí kan ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
Nahuel ló fa agolo ìpaná yọ lára ògiri.
Wọn ò lé mi.
Wọ́n ní kí n jókòó ti ẹ̀rọ náà fún oṣù kan,
bí àwọn ẹlòmíì ti ń gé tiwọn,
agolo pupa láàárín orúnkún mi.
Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
Èmi tí mo ti ń ra alákàn létí odò láti kékeré,
n kò wo ojú rẹ̀ rí títí di oṣù náà.
Àpá dúdú kan ṣì wà nínú àpótí.
Mo lè fọ̀ ọ́. N kò fọ̀ ọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Baldovino gbé awọ ewúrẹ́ dé,
èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, tó ń rùn bí igbó tó tutù.
Kò dúró de Eduvigis. Ó bèèrè wáyà.
Iná náà ò yí àwọ̀ padà.
Ó kọ orúkọ sínú ìwé, ó tan fáànù,
ó gbé ọwọ́ sẹ́nu páìpù títí tó fi mọ̀ pé ó ń fa èéfín,
ó pa ìdérí dé, ó wá fa àga súnmọ́ ọn.
Fóònù rẹ̀ ń dún lápò. Ó jẹ́ kó dún.
Èmi ni wákàtí kàn lẹ́yìn rẹ̀.
Mo jókòó síbi òjò ò ti dé,
mo dúró dè é.